Kurdistan Pupa: Ìtàn Ilẹ̀ Orí Òkè Kan Lábẹ́ Ìjọba Soviet

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Mo dúpẹ́ pé ẹ wá.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ ilẹ̀ kékeré kan ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè Azerbaijan, láàárín Armenia àti Karabakh. Láti oṣù Keje ọdún 1923 títí di oṣù Kẹrin ọdún 1929, ìjọba Soviet ń pe ibẹ̀ ní uyezd Kurdistan. Uyezd ni orúkọ tí àwọn ará Rọ́ṣíà ti ń pe àgbègbè ìjọba ìgbèríko láti ayé ọba Tsar. Ní ọdún 1930 wọ́n tún gbé orúkọ Kurdistan dìde, ṣùgbọ́n kò lò tó oṣù méjì tí wọ́n fi pa á rẹ́. Láti ìgbà náà títí tí Soviet fi tú ká, kò sí àgbègbè ìjọba kankan níbẹ̀ tó tún jẹ́ Kurdistan mọ́.

Kurdistana Sor ni àwọn Kurd ń pè é, ìyẹn Kurdistan Pupa. Orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu wọn títí dòní, wọ́n sì ń sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ilé bàbá rẹ̀. Ó yé mi dáadáa. Ẹ̀yà tí iye rẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ pín sáàárín Túrkì, Ìráànù, Ìráàkì àti Síríà, tí kò ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀, kò ní gbàgbé ibi tí ìjọba ńlá kan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ wọn sára ilẹ̀. Nítorí ìfẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi máa ń sọ pé ẹkùn aláṣẹ-ara-ẹni ni Kurdistan Pupa. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró lé lónìí. Kò jẹ́ ẹkùn aláṣẹ-ara-ẹni rí, kò sì sí ọjọ́ kan tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà kò lè yé wa tí a kò bá kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ òkè ni, òkè gidi. Odò Hakari la àárín gúúsù rẹ̀ kọjá, ó ń ṣàn lọ sí odò Aras tó wà ní ààlà Ìráànù. Lápá àríwá ni Kelbajar, níbi tí odò Tartar ti ṣẹ̀, tí omi gbígbóná sì ń ru jáde láti inú ilẹ̀ ní Istisu. Ìlú tó di olú àgbègbè náà wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lókè odò Hakari. Abdalyar ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, kí ó tó di Lachin. Ọ̀nà tó ti Goris ní Armenia wá sí Shusha ní Karabakh gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ fi ọ̀nà yìí sọ́kàn.

Darandaran ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀. Nígbà ooru wọ́n á kó àgùntàn gun orí òkè, níbi tí koríko tútù wà. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, tí yìnyín fẹ́ bo ojú ọ̀nà, wọ́n á kó wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Yaylaq ni ibùjẹ ìgbà ooru, qışlaq ni ti ìgbà òtútù. Bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ yìí, ìtòsí abúlé àwọn Armenia tó ń dá oko ni wọ́n ń gbà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ wàhálà àárín àgbẹ̀ àti darandaran mọ ohun tí ìyẹn lè bí. Báwo sì ni ènìyàn ṣe fẹ́ fa ààlà yí àwọn tí ilé wọn ń ṣí kiri lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ká? Àwọn akọ̀wé ìjọba ní Baku, olú ìlú Azerbaijan, bá ìṣòro yìí jà gidigidi.

Àwọn Kurd ti wà lórí òkè wọ̀nyí láti ayé àwọn ọba Safavid ti Ìráànù, nígbà tí ogun àárín Safavid àti Ottoman ń tú àwọn ẹ̀yà ká láti ibì kan dé ibòmíràn. Mùsùlùmí Shia ni wọ́n, bíi ti àwọn Azeri tó yí wọn ká, èyí sì mú kí ó rọrùn láti fẹ́ra wọn. Àwọn Kurd tó wà ní Armenia yàtọ̀: Yazidi ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìyẹn àwọn tó ní ẹ̀sìn tiwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Àwọn Yazidi kì í fẹ́ ará ìta, nítorí náà èdè wọn kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní Azerbaijan, ìran dé ìran ni ọmọ Kurd ń dàgbà tó ń sọ èdè ọjà, èdè àna, èdè mọ́ṣáláṣí. Èdè Azeri, tí wọ́n ń pè ní èdè Túrkì nígbà náà, ló wá gba ẹnu wọn.

Láyé Tsar, ilẹ̀ yìí kò ní orúkọ tirẹ̀. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Elizavetpol ló wà, apá kan nínú rẹ̀ sì wà nínú uyezd Zangezur. Nígbà tí ìjọba Tsar wó ní 1917, ogun dé. Ní ìgbẹ̀yìn ọdún 1918, ọ̀gágun Andranik ti àwọn Armenia fẹ́ kó ogun gba àfonífojì Hakari lọ sí Shusha. Sultan bey Sultanov, ìjòyè ilẹ̀ náà, kó àwọn jagunjagun rẹ̀ jáde láti dènà dè é. Iná jó abúlé Mùsùlùmí, ó jó abúlé Armenia. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1920 ni agbára Baku bọ́ sọ́wọ́ àwọn Bolshevik, ìyẹn ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì tó gba ìjọba Rọ́ṣíà. Nígbà tó máa di ọdún 1921, wọ́n ti pín Zangezur sí méjì, ìwọ̀ oòrùn bọ́ sọ́wọ́ Armenia, ìlà oòrùn kù sọ́wọ́ Azerbaijan.

A wá dé oṣù Keje ọdún 1923. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra nínú oṣù kan ṣoṣo yìí.

Ọjọ́ 6 oṣù náà ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ìpìlẹ̀ tuntun ti Ìṣọ̀kan Soviet ní Moscow. Ọjọ́ 7, wọ́n dá Ẹkùn Aláṣẹ-ara-ẹni Nagorno-Karabakh sílẹ̀ fún àwọn Armenia tó wà nínú Azerbaijan. Inú oṣù yìí kan náà ni wọ́n dá uyezd Kurdistan sílẹ̀, lórí ilẹ̀ tó wà láàárín Nagorno-Karabakh àti Armenia. Ọjọ́ 24, ní ìlú Lausanne ní Switzerland, Túrkì àti àwọn ìjọba tó ṣẹ́gun Ogun Àgbáyé Kìíní fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà tuntun. Àdéhùn ti Sèvres, ti ọdún 1920, ti ṣèlérí pé àwọn Kurd lè ní ìjọba tiwọn. Àdéhùn Lausanne kò dárúkọ wọn rárá. Lóṣù tí gbogbo ayé pa orúkọ Kurd rẹ́ nínú ìwé àdéhùn, Soviet kọ Kurdistan sórí àwòrán ilẹ̀.

Ẹ̀yin náà rí i pé ìyẹn dùn ún polongo. Ìlànà ẹgbẹ́ Bolshevik nígbà náà, èyí tí àpérò ńlá wọn kejìlá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1923, ni pé kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan rí ọmọ tirẹ̀ lórí àga ìjọba, kí ó sì máa gbọ́ èdè tirẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní kóòtù. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ará Ìlà Oòrùn tó wà lábẹ́ ìjọba ẹlòmíràn máa wo Soviet, kí ọkàn wọn máa fà síbẹ̀. Sergei Kirov ni akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ ní Azerbaijan lásìkò yẹn. Lójú tèmi, ohun tó jẹ Baku lógún jù ni Karabakh. Nígbà tí o bá ti gbé ẹkùn kan fún àwọn Armenia inú Azerbaijan, ó yẹ kí o rí ohun kan fún àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín ẹkùn náà àti Armenia, kí o sì fún wọn ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ pé Azeri nìkan ni. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé aládùúgbò ni Baku àti Moscow wò kí wọ́n tó sọ ọmọ yìí.

Hüsü Hacıyev ló kọ́kọ́ ṣe olórí ìgbìmọ̀ àkóso uyezd náà. Kelbajar, Kürd-Hacı àti Qaraqışlaq wà lára àwọn abẹ́-àgbègbè rẹ̀. Olùwádìí àṣà ìbílẹ̀ kan, Grigory Chursin, lọ síbẹ̀ láti wo bí àwọn ènìyàn náà ṣe ń gbé, ìwádìí rẹ̀ sì jáde ní 1925. Ohun iyebíye ni, nítorí kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí kíkọ nípa Kurd ní Azerbaijan fi di ohun tí a kì í fẹ́ gbọ́ mọ́.

Kí wá ni ìyàtọ̀ àárín uyezd àti ẹkùn aláṣẹ-ara-ẹni? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ akọ̀wé lásán. Ẹ ṣí òfin ìpìlẹ̀ Soviet, èyí tí wọ́n parí ìfọwọ́sí rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1924, sí abala 15, níbi tó ti sọ ẹni tí yóò rán aṣojú lọ sí Ìgbìmọ̀ Àwọn Ẹ̀yà ní Moscow. Ẹ ó rí Abkhazia àti Adjaria. Ẹ ó rí Gúúsù Ossetia, Nagorno-Karabakh àti Nakhichevan. Aṣojú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún wọn. Kurdistan kò sí níbẹ̀. Àgbègbè tí òfin ìpìlẹ̀ bá dárúkọ, ó di dandan kí ìjọba àpapọ̀ jókòó kí ó tó lè pa á rẹ́. Uyezd kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba Azerbaijan ni. Bí ó bá wù wọ́n láti tún ilẹ̀ wọn pín, wọ́n lè pa á rẹ́ ní ìjókòó kan, bí wọ́n ṣe ń pa uyezd èyíkéyìí rẹ́. Àwọn Kurd gba orúkọ. Wọn kò gba ààbò tó yẹ kó bá orúkọ rìn.

Ìkànìyàn oṣù Kejìlá ọdún 1926 ni ẹ̀rí tó dára jù lọ tí a ní nípa àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ka nǹkan bí 51,000 ènìyàn nínú uyezd náà. Àwọn tó sọ pé Kurd ni àwọn lé ní 37,000, ìyẹn ju 70 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo Kurd tó wà ní Azerbaijan lọ́dún náà jẹ́ 41,193, nítorí náà nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ló ń gbé inú uyezd yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè èdè abínibí, ó ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará uyezd lọ tó dáhùn pé èdè Túrkì ni.

Àwọn kan máa ń lo èyí láti sọ pé kò sí Kurd gidi níbẹ̀, pé ìjọba ló dá wọn. Èmi kò gbà. Ẹni tó ń ka ènìyàn dé iwájú ilé darandaran kan, ó bi í léèrè ẹni tó jẹ́, ọkùnrin náà sì fi èdè Azeri dá a lóhùn pé Kurd ni òun. Ó mọ ìran tó ti wá. Ó mọ orúkọ ẹ̀yà bàbá rẹ̀. Èdè ti yí padà lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn kò sọ pé kò mọ ara rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni ohun tí àwọn olùdarí ní Baku rí nínú ìdáhùn kan náà: bí wọ́n bá ti gbọ́ Túrkì, ilé ẹ̀kọ́ Túrkì tó fún wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1926 àpérò ńlá kan wáyé ní Baku lórí èdè àwọn ẹ̀yà Túrkì àti bí wọ́n ṣe máa fi lẹ́tà Látìnì kọ wọ́n. Owó wà, onímọ̀ wà, ìtara wà. Kò sí èyí tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣì ń sọ èdè Kurd ní abúlé Kelbajar àti Lachin. Ẹnu wọn ni èdè náà wà, kò dé orí ìwé.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Armenia. Kò sí àgbègbè kankan tó ń jẹ́ Kurdistan ní Armenia. Àwọn Kurd àti Yazidi tí wọ́n kà níbẹ̀ ní 1926 jẹ́ nǹkan bí 15,000 péré, kò tó ìdajì ti uyezd Kurdistan. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni Arab Shamilov àti Isaac Marogulov ti ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì Látìnì fún èdè Kurd ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1920. Ibẹ̀, ní Yerevan, ni ìwé ìròyìn Riya Teze ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní èdè Kurd ní 1930. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ ni rédíò Yerevan ti ń kọrin Kurd, tí àwọn Kurd ní Túrkì, níbi tí wọ́n ti fòfin de èdè wọn, ń fi rédíò kékeré gbọ́ ọ. Àwọn tó ní ilẹ̀ kò rí ìwé. Àwọn tí kò ní ilẹ̀ ni ìwé bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ lórí ètò èdè, ibẹ̀ yẹn tó iṣẹ́ ìwádìí gidi fún ẹnikẹ́ni nínú yín.

Mo gbọ́dọ̀ sọ díẹ̀ nípa àwọn aládùúgbò. Ní oṣù Kejì ọdún 1925, Sheikh Said gbé ogun dìde sí ìjọba Túrkì, àwọn Kurd púpọ̀ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n so ó kọ́ ní Diyarbakır ní oṣù Kẹfà. Láti 1927, ogun mìíràn tún bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè òkè Ararat, èyí tó wà lẹ́bàá ààlà Soviet gan-an. Soviet kò ṣe ti àwọn Kurd nínú èyí. Wọ́n ti bá Túrkì ṣe àdéhùn ọ̀rẹ́ ní 1921, wọ́n tún bá a ṣe òmíràn ní oṣù Kejìlá ọdún 1925, nítorí wọn kò fẹ́ kí Túrkì lọ fara mọ́ Bìrìtìkó àti Faransé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, orúkọ Kurdistan tó wà lórí àwòrán ilẹ̀ Soviet di ohun tó ń ta àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Ankara lára.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1929, àpérò kẹfà ti àwọn Soviet Azerbaijan, ìyẹn àwọn ìgbìmọ̀ aṣojú ìjọba, pa gbogbo uyezd rẹ́. Gbogbo wọn ni o, kì í ṣe ti Kurdistan nìkan. Wọ́n fi okrug, irú àgbègbè ìjọba mìíràn, rọ́pò wọn, ilẹ̀ Kurdistan sì bọ́ sínú okrug Karabakh. Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1930, wọ́n yọ ọ́ jáde padà, wọ́n sọ ọ́ di okrug Kurdistan, Lachin tún di olú ìlú, wọ́n sì fi ilẹ̀ Zangilan kún un. Ọdún yẹn le gan-an: ìjọba Stalin ń fi tipátipá kó àgbẹ̀ àti darandaran sínú oko àjọṣe káàkiri ilẹ̀ Soviet, ọ̀pọ̀ darandaran sì ń pa ẹran wọn kí ìjọba má baà gbà á. Ọjọ́ 23 oṣù Keje, àṣẹ jáde láti Moscow pé kí wọ́n pa okrug rẹ́ jákèjádò Ìṣọ̀kan Soviet. Okrug Kurdistan bá a lọ. Lachin, Kelbajar àti Qubadlı wá di raion, àgbègbè kéékèèké tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn.

Lẹ́ẹ̀mejì ni òfin tí kò dá orúkọ Kurd pa Kurdistan rẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń wá ẹnì kan tó jókòó ní Baku tó sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká pa àwọn Kurd rẹ́.” Wọn kò nílò ẹni bẹ́ẹ̀. Òfin àtúnṣe kan náà dé bá Nagorno-Karabakh, kò sì rí i mú, nítorí orúkọ rẹ̀ wà nínú òfin ìpìlẹ̀. Ibi tí mo ti dá Baku lẹ́bi ni ohun tí wọn kò ṣe lẹ́yìn náà. Kò sóhun tó dí wọn lọ́wọ́ láti pe ọ̀kan nínú àwọn raion yẹn ní raion Kurd, bí àwọn ìjọba Soviet mìíràn ṣe ń dá raion sílẹ̀ fún ẹ̀yà kéékèèké nígbà náà. Wọ́n lè ṣe é. Wọ́n yàn láti má ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye náà bí ó ṣe ń dínkù. Ní 1926, Kurd 41,193 ní Azerbaijan. Ní 1939, 6,005. Ní 1959, 1,487. Ìjọba kó àwọn Kurd kan láti Azerbaijan àti Armenia lọ sí Kazakhstan àti Kirghizia ní 1937, ìrora ńlá sì ni fún ìdílé tí ó kàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kó lọ kò tó láti ṣàlàyé bí iye náà ṣe já wálẹ̀ tó. Èyí tó pọ̀ jù kò kúrò nílé. Nínú ìwé ni wọ́n ti di Azeri. Nígbà tí orúkọ kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ mọ́, tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni lédè wọn, àǹfààní wo ni bàbá kan fẹ́ rí nínú pé kó máa dáhùn “Kurd” lójú akọ̀wé? Ní 1989, nígbà tí Gorbachev, olórí Soviet, ti tú ẹnu àwọn ènìyàn sílẹ̀, iye náà gòkè padà sí 12,226. Ìyẹn fún mi ní ìdánilójú pé àwọn kan wà nínú ilé tí wọ́n ń sọ fún ọmọ wọn.

Àsìkò yẹn ni àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí Moscow dá Kurdistan Pupa padà. Ogun Karabakh láàárín Armenia àti Azerbaijan kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Nítorí ọ̀nà tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ogun Armenia gba Lachin ní oṣù Karùn-ún ọdún 1992, wọ́n gba Kelbajar ní oṣù Kẹrin ọdún 1993. Àwọn Kurd àti Azeri tó ń gbé ibẹ̀ sá lọ, wọ́n di aláìnílé káàkiri Azerbaijan. Ní 1992 kan náà, ọmọ Kurd kan, Vekil Mustafayev, kéde Orílẹ̀-èdè Kurd ti Lachin lórí ilẹ̀ tí àwọn Kurd rẹ̀ ti sá kúrò níbẹ̀. Kò lọ jìnnà. Lẹ́yìn ogun ọdún 2020, Kelbajar padà sọ́wọ́ Azerbaijan ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, agbègbè Lachin ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá. Ilé iṣẹ́ ìròyìn gbogbo ayé ń pe Lachin ní ọ̀nà, bí ẹni pé ọkọ̀ nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó dùn mí púpọ̀, òun ló sì jẹ́ kí n yan ọ̀rọ̀ yìí fún òní.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní ìbéèrè lórí àwọn Yazidi, mo sì ti yára kọjá níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n bẹ̀rẹ̀.